Ẹ Má Gbé Ọkọ̀ Ọ̀sà Lọ Sójú Òkun

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Houston pè mí lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Inú wọn ń dùn. Wọ́n ti san àsansílẹ̀ lórí ọkọ̀ ìpẹja kan, kátámáránì tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 22, ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ní inú ọ̀sà Galveston ni àwọn yóò ti máa lò ó, ṣùgbọ́n tó bá di Oṣù Kẹfà, tí ìjọba bá ti ṣí ìpẹja red snapper, àwọn yóò kó àwọn ọmọ sínú rẹ̀, àwọn yóò sì gbé e wọ òkun lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń tà á fún wọn ló fọkàn wọn balẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní ọkọ̀ kan náà ló ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì.

Oorun kò kùn mí lóru ọjọ́ náà. Mo mọ àwọn ọmọ yẹn. Èyí tó kéré jù nínú wọn kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá.

"Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan" yẹn ló bà mí lẹ́rù. Ọ̀rọ̀ tí àwọn tó ń ta ọkọ̀ fẹ́ràn jù ní Texas àti Florida nìyẹn. Wọn kì í pè é ní ọkọ̀ òkun, nítorí wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe ọkọ̀ òkun. Wọn kì í sì í sọ pé ẹ má gbé e débẹ̀, nítorí ọjà fẹ́ tà. Wọ́n á fi ọ̀rọ̀ náà há àárín, ẹni tó rà á ni yóò fi ẹ̀mí ara rẹ̀ túmọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń lọ sójú òkun lójoojúmọ́ mọ àwọ̀ omi, ó mọ ìgbà tí atẹ́gùn fẹ́ yí padà, ó mọ ìró ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bí ìyá ṣe ń mọ ẹkún ọmọ. Ẹni tó ń lọ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún kò mọ ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí, bẹ́ẹ̀ òkun kan náà ni àwọn méjèèjì ń bá pàdé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọkọ̀ náà ṣe rí, kí ẹni tí kò tíì rí i rí lè bá mi lọ. Ikùn méjì tó tẹ́ẹ́rẹ́ ló ní, àlàfo kan wà láàárín wọn tí omi àti atẹ́gùn ń gbà kọjá, pẹpẹ tí èèyàn ń dúró sí sì wà lórí àwọn méjèèjì. Etí rẹ̀ kò ga, kí apẹja lè bẹ̀rẹ̀ gbé ẹja láì ṣe wàhálà. Omi tí kò ju íǹṣì 12 sí 14 lọ lè gbé e léfòó. Ìdí nìyẹn tó fi lè wọ inú koríko etí ọ̀sà níbi tí àwọn ẹja redfish àti speckled trout ń fara pamọ́ sí. Ọ̀sà Galveston fúnra rẹ̀, bó ti fẹ̀ tó yẹn, ìjìnlẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 7 lọ lọ́pọ̀ ibi. Fún irú omi bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ yìí dára. N kò ní parọ́ mọ́ ọn. Bí ìgbì kéékèèké bá ń jà nínú ọ̀sà, ikùn méjì yẹn máa ń là wọ́n kọjá láì gbọn ìfun èèyàn. Èèyàn mẹ́ta lè dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo láti wo ẹja, ọkọ̀ kò ní fì. Ọmọdé lè rìn káàkiri lórí rẹ̀ bí ẹni wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ìfọ̀kànbalẹ̀ yẹn gan-an ni ewu rẹ̀. Bàbá kan wà ládùúgbò wa tí wọ́n bí ní Ayétòrò, ìlú àwọn Ìlàjẹ tí òkun ti ń jẹ ilẹ̀ rẹ̀ láti ọdún pípẹ́. Ọkọ̀ òkun ni wọ́n fi kọ́ ìrìn, ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo mú wọn lọ wo irú kátámáránì yìí lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n gun orí rẹ̀, wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, wọ́n fi tẹ ẹ̀gbẹ́ òsì. Kò mì. Ẹni tó ń tà á ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé ọjà ti tà. Bàbá sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ọkọ̀ tí kì í jẹ́ kí o mọ̀ pé omi ń bínú, kò fẹ́ kí o padà sílé lásìkò."

Ó pẹ́ kí n tó lóye ohun tí wọ́n rí. Ẹ gbé igbá kan sórí omi, kí ẹ fọwọ́ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Yóò fì, yóò sì padà dúró. Bí ẹ bá ṣe ń tì í tó ni yóò máa kìlọ̀ fún yín tó. Ọkọ̀ oníkùn kan tí ìdí rẹ̀ mú dáadáa jọ igbá yẹn: ó máa ń fì kíákíá, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ kó tó jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Ẹ wá gbé pátákó ilẹ̀kùn sórí omi. Ẹ tì í, kò fì. Ẹ tún tì í, kò fì. Ẹ fi gbogbo agbára gbé ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ sókè, ó dé ibì kan, ó yí padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì tún tẹ́ pẹrẹsẹ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, àfi pé ojú tó wà lókè ti di ojú tó wà nísàlẹ̀. Kátámáránì kékeré jọ pátákó náà. Ó le láti dojú dé. Ṣùgbọ́n kì í fi àmì púpọ̀ hàn kó tó dojú dé, bó bá sì ti dojú dé, ó dojú dé náà nìyẹn. Ọwọ́ èèyàn kò lè yí i padà lójú agbami.

Nínú ọ̀sà, ìgbì tó lè gbé ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ dé ibẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Bí ó bá tilẹ̀ ṣẹlẹ̀ níbi tí omi kò jìn, èèyàn á dìde dúró nínú omi tó mu ún dé àyà, yóò máa dúpẹ́. Ojú òkun ni irú ìgbì bẹ́ẹ̀ ń gbé.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ẹ̀rù ni mò ń dá báni. Ẹ jẹ́ ká rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Florida lọ́jọ́ 28, Oṣù Kejì, ọdún 2009. Ọkùnrin mẹ́rin gbéra láti agbègbè Clearwater, wọ́n wọ Gulf, ìyẹn òkun tó wà láàárín Amẹ́ríkà àti Mẹ́síkò. Marquis Cooper ló ni ọkọ̀ náà. Òun àti Corey Smith ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà nínú NFL. Will Bleakley ti gbá bọ́ọ̀lù rí ní yunifásítì, Nick Schuyler sì jẹ́ ọ̀rẹ́ wọn. Gígùn ọkọ̀ wọn jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 21, oníkùn kan ni, kì í ṣe kátámáránì. Ẹ wo irú ọkùnrin tí wọ́n jẹ́: ọ̀dọ́, alágbára, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ìdárayá. Nígbà tí ọjọ́ ń lọ, tí òtútù àti atẹ́gùn ń bọ̀, ìdákọ̀ró wọn há sí ìsàlẹ̀ omi. Wọ́n so okùn rẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀, wọ́n sì fún ẹ́ńjìnnì ní epo kí ó lè fà á yọ. Okùn náà fa ìdí ọkọ̀ wálẹ̀, omi wọlé, ọkọ̀ dojú dé.

Ó lé ní wákàtí 40 kí ọkọ̀ Ẹ̀ṣọ́ Etíkun Amẹ́ríkà tó rí Schuyler lọ́jọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹta, níbi tó jókòó lé ikùn ọkọ̀ tó dojú dé náà. Òun nìkan ló kù. Òtútù àti ìgbì ti gba àwọn mẹ́ta yòókù lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àṣìṣe wọn kò ju okùn kan tí wọ́n so síbi tí kò yẹ lọ. Bí wọ́n bá ṣe irú rẹ̀ nínú ọ̀sà níbi tí omi kò jìn, wọn ì bá rìn wá sí èbúté, bóyá pẹ̀lú ìtìjú díẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun nìyẹn, ohun tí mo sì fẹ́ kí ẹ di mú nínú ìtàn yìí nìyẹn. Ọ̀sà a máa dárí ji èèyàn. Òkun kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìwọ̀n ẹrù ni ohun kejì tí àwọn tó ń ta ọkọ̀ kì í fẹ́ ká jíròrò, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò jù. Nítorí pé ikùn kátámáránì tẹ́ẹ́rẹ́, kì í fẹ́ràn ẹrù. Ẹrù tí ọkọ̀ oníkùn fífẹ̀ kò ní kà sí nǹkan, íǹṣì mélòó kan ni yóò fi ri ikùn tẹ́ẹ́rẹ́ náà sínú omi. Bí ikùn bá sì ti ń rì ni àlàfo àárín ń kúrú. Àlàfo yẹn ni ẹ̀mí ọkọ̀ náà. Bí ó bá ti kúrú jù, ìgbì kò ní rí ibi gbà kọjá mọ́. Abẹ́ pẹpẹ ni yóò ti máa gbá ọkọ̀, gbì, gbì, bí ẹni ń fi òòlù lu ilẹ̀kùn, títí omi yóò fi máa ta jáde níwájú sójú àwọn tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ìrìn ọ̀sà, èèyàn méjì, epo gálọ́ọ̀nù 20, yìnyín díẹ̀: ọkọ̀ ń fò bí ẹyẹ. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e fún yín láti tọ́ ọ wò, bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí, bóyá epo inú rẹ̀ kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìrìn òkun ńkọ́? Èèyàn mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó pọ́ọ̀nù 200 jẹ́ 800. Epo gálọ́ọ̀nù 60, pọ́ọ̀nù mẹ́fà lórí gálọ́ọ̀nù kan, jẹ́ 360. Àgbá omi tí ẹja ìjẹ ń gbé inú rẹ̀, gálọ́ọ̀nù 40, nǹkan bí 340. Yìnyín àti kúlà ńlá, ẹ fi 150 sí i. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,650, a kò sì tíì ka ìdákọ̀ró, okùn, ohun èlò ìpẹja, bátìrì mẹ́ta tó wà níwájú fún ẹ́ńjìnnì iná kékeré, àti ẹja tí ẹ ń retí láti kó bọ̀. Ọkọ̀ tí ẹ tọ́ wò àti ọkọ̀ tí ẹ gbé lọ sójú òkun kì í ṣe ọkọ̀ kan náà.

Omi tó bá wá gun etí ọkọ̀ wọlé tún wúwo ju bí ojú ṣe rí i lọ. Bí ibi tí ẹ dúró sí bá fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 6, tó gùn ní 8, tí omi òkun inú rẹ̀ sì ga ní íǹṣì mẹ́fà péré, pọ́ọ̀nù 1,536 ni. Ìgbì kan ṣoṣo lè gbé e wá. Ihò tí omi ń gbà ṣàn jáde kò ní gbé e jáde kí ìgbì kejì tó dé, pàápàá bí ẹrù bá ti ri ihò náà sísàlẹ̀ ojú omi.

Ẹ ó wá bi mí pé ṣé ìjọba kò ní kí wọ́n kọ iye ẹrù tí ọkọ̀ lè gbé sára rẹ̀ ni? Wọ́n ní kí wọ́n kọ ọ́. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní kí wọ́n lẹ àwo kékeré kan mọ́ ọkọ̀ tí yóò sọ iye èèyàn, ìwọ̀n ẹrù àti agbára ẹ́ńjìnnì tó gbà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ oníkùn kan tí gígùn rẹ̀ kò tó ẹsẹ̀ bàtà 20 ni òfin náà dì mú. Ẹ tún un kà. Kátámáránì bọ́ nínú rẹ̀ nítorí pé ikùn rẹ̀ jẹ́ méjì. Ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi tún bọ́ nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì nítorí pé ó gùn ju 20 lọ. Bákan náà ni òfin tó ní kí wọ́n fi fómù sínú ọkọ̀ kí ó lè léfòó gbalaja pẹ̀lú àwọn èèyàn inú rẹ̀ bí omi bá kún un: ọkọ̀ oníkùn kan, tí kò tó ẹsẹ̀ bàtà 20. Ilé iṣẹ́ mìíràn ń lẹ àwo yẹn mọ́ ọkọ̀ fúnra wọn, wọ́n sì ń fi fómù kún ikùn rẹ̀ láìsí pé òfin fi ipá mú wọn. Ilé iṣẹ́ mìíràn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ rà á gbọ́dọ̀ béèrè, kó sì rí ìdáhùn náà nínú ìwé. Ìdáhùn ẹnu kò gbé ẹnikẹ́ni léfòó rí.

Ọ̀pọ̀ èèyàn tún rò pé ibi tó jìnnà ni ewu wà. Rárá. Ẹnu ọ̀nà tí ọ̀sà ti ń wọ òkun ló máa ń burú jù. Ní Galveston, àárín àwọn ògiri òkúta gígùn méjì ni ọ̀nà náà gbà, ọkọ̀ ńláńlá tó ń lọ sí Houston sì ń gbà á kọjá. Nígbà tí omi bá ń fà jáde láti inú ọ̀sà, tí atẹ́gùn sì ń fẹ́ wọlé láti ojú òkun, àwọn méjèèjì á kọlu ara wọn níbẹ̀, ìgbì á dìde dúró ṣánṣán bí ògiri. Ẹ lè ti jáde láàárọ̀ nígbà tí omi ń kún, kí ibẹ̀ tẹ́ rọ̀ọ̀rọ̀. Ìgbà tí ẹ bá ń padà bọ̀ ní ọ̀sán, pẹ̀lú àárẹ̀, ẹ kò ní dá ibẹ̀ mọ̀ mọ́. Ìgbà yẹn náà ni ìgbì ń ti ẹ̀yìn bọ̀. Kátámáránì tí iwájú rẹ̀ wúwo, bí ìgbì bá gbé ìdí rẹ̀ sókè, tó sáré sọ̀ kalẹ̀, ó lè fi imú ikùn méjèèjì gún ẹ̀yìn ìgbì tó wà níwájú. Pẹpẹ á wọ omi, ọkọ̀ á dúró lójijì, ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀ kò sì ní dúró. Ní ti San Luis Pass tó wà ní ìparí erékùṣù Galveston, ìṣàn omi ibẹ̀ ti gbé ọ̀pọ̀ èèyàn lọ. N kò rí ìdí kankan tí baálé ilé kan á fi gba ibẹ̀ wọ òkun.

Ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ náà kò gbọ́dọ̀ rú yín lójú. Bí wọ́n bá ní ìgbì yóò jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3, ìwọ̀n yẹn jẹ́ ìpíndọ́gba ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ìgbì tó ga jù. Èyí tó ga tó ìlọ́po méjì rẹ̀ lè dé láàárín wọn, kò sì ní fi ìwé ránṣẹ́. Àwọn ìgbì Gulf kúrú, wọ́n ń tẹ̀lé ara wọn tímọ́tímọ́, ọ̀kan kò tíì tán lábẹ́ ọkọ̀ tí èkejì ti dé. Àwọn àgbà wa ní òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Ẹni tó ra ọkọ̀ tí ojú ọjọ́ gbọ́dọ̀ dára kó tó lè lò ó ti fi ẹ̀mí rẹ̀ lé ojú ọjọ́ lọ́wọ́, ojú ọjọ́ kì í sì í ṣe ọmọ ìyá ẹnikẹ́ni.

Ẹ fi kún un pé ibi tí ẹja ńlá wà jìnnà. Ilẹ̀ abẹ́ omi Gulf ní Texas ń dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kí omi tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 100 ní iwájú Galveston, ó ju máìlì 30 lọ sí etíkun. Ẹni tó bá ní òun ń lọ wo máìlì márùn-ún péré, tí kò rí ẹja níbẹ̀, ẹ̀yin náà mọ ohun tó kàn. Á lọ sí mẹ́wàá. Á lọ sí ogún. Fóònù rẹ̀ á ti dákẹ́ tipẹ́.

Ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo lẹ́yìn kátámáránì jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn tí mo kórìíra. Àárín ni wọ́n máa ń gbé e sí, níbi tí omi tó jáde láti inú àlàfo ti kún fún afẹ́fẹ́ àti ìfófòó. Bí ọkọ̀ bá yí kíákíá nínú ìgbì, abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì lè bọ́ sínú ìfófòó náà, kó máa pariwo láì ti ọkọ̀ síbì kan, ní àkókò gan-an tí ẹ nílò agbára rẹ̀ láti fi orí ọkọ̀ kọ ojú sí ìgbì. Kátámáránì kékeré tún máa ń fì síta nígbà tó bá ń yí, kì í fì sínú bí ọkọ̀ tí a ti mọ́ lára, ó sì lè ju ẹni tí kò mọ̀ sómi. Láti ọjọ́ 1, Oṣù Kẹrin, ọdún 2021 ni òfin ti ní kí ẹni tó ń wa ọkọ̀ tó kúrú ju ẹsẹ̀ bàtà 26 lọ so okùn tó ń pa ẹ́ńjìnnì mọ́ ara rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré. Ẹ wo iye ẹni tó ń so ó ní èbúté lọ́jọ́ Sátidé, ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ẹ́ńjìnnì méjì sàn jù, ṣùgbọ́n bí àwọn méjèèjì bá ń mu epo láti inú táǹkì kan, tí omi sì wọ epo náà, àwọn méjèèjì ló máa kú pọ̀.

N kò sọ pé kátámáránì kò lè lọ sójú òkun. Àwọn kan wà tí wọ́n kàn fún un, tí etí wọn ga, tí àlàfo àárín wọn ga kúrò lójú omi, tí wọ́n ní ẹ́ńjìnnì méjì, tí wọn kò sì lè wọ inú koríko etí ọ̀sà láéláé. Owó wọn ju ti ọkọ̀ ọ̀sà lọ fíìfíì. Ìyẹn gan-an ló ń fi irọ́ "ọkọ̀ kan, iṣẹ́ méjì" hàn. Ohun tó jẹ́ kí ọkọ̀ dára fún omi tó dé orúnkún ni kò jẹ́ kó dára fún omi tí kò ní ìsàlẹ̀. Mo tún gbọ́ pé àwọn kan ń wá irú ọkọ̀ ọ̀sà bẹ́ẹ̀ ní tòkunbọ̀ láti fi ránṣẹ́ sí Èkó. Bí ẹ bá ń lò ó láàárín Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́, kò burú. Ẹ má gbé e kọjá ògiri òkúta ẹnu òkun Èkó. Ìgbì Àtìláńtíìkì tó ń bọ̀ níbẹ̀ ti rin ọ̀nà jíjìn, agbára rẹ̀ kì í ṣe ti eré.

Ní ọdún 2023, èèyàn 564 ni Ẹ̀ṣọ́ Etíkun Amẹ́ríkà kà pé wọ́n kú nínú jàǹbá ọkọ̀ ìgbafẹ́. Nínú àwọn tí wọ́n mọ ohun tó pa wọ́n, ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú sómi. Nínú àwọn tó kú sómi yẹn, ìdá 87 nínú ọgọ́rùn-ún kò wọ ẹ̀wù amúniléfòó, èyí tí a ń pè ní láìfù jákẹ́ẹ̀tì. Ó wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ náà o. Abẹ́ ìjókòó ló wà. Bí ọkọ̀ bá dojú dé, abẹ́ ìjókòó ti di ìsàlẹ̀ omi, òkùnkùn sì ni. Ẹ má fi mímọ omi wẹ̀ ṣe ìgbẹ́kẹ̀lé. Òmùwẹ̀ ni í bómi lọ. Ẹ wọ̀ ọ́ láti èbúté, kí ẹ sì wọ̀ ọ́ fún àwọn ọmọ kí wọ́n tó gun ọkọ̀. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ lójú òkun ní láti ní rédíò VHF tó dúró lára ọkọ̀, kó mọ ìkànnì 16 tí wọ́n ń fi ké fún ìrànlọ́wọ́, kó ní EPIRB, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi àmì ìrànlọ́wọ́ ránṣẹ́ láti ojú òkun, tó ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NOAA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó òkun àti ojú ọjọ́, kó sì lo ìdá kan nínú mẹ́ta epo láti lọ, ìdá kan láti bọ̀, kó fi ìdá tó kù sílẹ̀ láì fọwọ́ kàn án. Ẹni tí èyí bá pọ̀ jù fún, kì í ṣe òkun ni iṣẹ́ rẹ̀.

Bí red snapper bá ń wù yín jẹ, àwọn ọ̀gá awakọ̀ tó ní ìwé àṣẹ wà ní Galveston tí wọ́n ń gbé èèyàn lọ pa á pẹ̀lú ọkọ̀ ńlá. Ẹ san owó fún wọn lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún tí "lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan" yẹn jẹ́. Iye rẹ̀ kò súnmọ́ owó ẹ́ńjìnnì kejì rárá.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá sọ̀rọ̀ báyìí. Àsansílẹ̀ ni ẹ san, ẹ kò tíì san gbogbo owó. Kí ẹ tó san ìyókù, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á kọ ọ́ sínú ìwé, kó sì fọwọ́ sí i: pọ́ọ̀nù mélòó ni ọkọ̀ yìí lè gbé, ṣé fómù wà nínú ikùn rẹ̀, báwo ni yóò ṣe dúró bí omi bá kún un. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kó kún táǹkì, kó kún àgbá ẹja ìjẹ, kí èèyàn mẹ́rin gùn ún, kí ẹ wà á nínú ọ̀sà ní ọ̀sán ọjọ́ tí atẹ́gùn ń fẹ́. Èmi yóò wà lára àwọn mẹ́rin náà. Bí ó bá kọ̀ láti fọwọ́ sí i, ẹ gba owó yín padà. Bí ó bá fọwọ́ sí i, tí ẹ sì rà á, ẹ fi ẹnu ọ̀nà Galveston ṣe ààlà rẹ̀, kí ẹ má sì gbé àwọn ọmọ kọjá ibẹ̀.